Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Ẹ̀rọ Ní Ó Ti Kú

Ẹ má rẹ́rìn-ín bí mo bá ní ilẹ̀ òkèèrè ni mo wà. Ṣàngó Ọ̀tà ni mò ń sọ. Ọmọ Kétu ni mí, láti òdìkejì ibodè, níbi tí wọ́n ti fi èdè Faransé kọ́ wa níwèé, tí a sì ń fi Yorùbá jà nílé. Àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń wálé ọdún. Àwa tí ọ̀nà wa kò ju ọkọ̀ méjì lọ, àwa gan-an la kì í padà. Ibi tó sún mọ́lé kì í kánjú ẹni: bí kò bá ṣe ọ̀la, á jẹ́ ọ̀tunla, títí irùngbọ̀n á fi funfun.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló gbé mi wá. Ẹ̀gbọ́n mi, Ràímì, ló ṣáájú mi dé Ọ̀tà láti wá ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà níbẹ̀. Ó máa ń pè, ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá wa. Nígbà tó yá, ìpè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Nígbà tó tún yá, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́ rárá. Lọ́jọ́ tí mò ń dágbére, ìyá wa ò bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe. Ó kàn ní, "Bá mi wá Ràímì. Bí o bá rí iṣẹ́ lójú ọ̀nà, o lè ṣe é."

Mo ṣèlérí fún un pé n ò ní padà wálé láìmú un dání. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ!

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ṣàngó ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó dé ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn ní àwáwí. Èmi, Yorùbá ni mo gbọ́, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ bí mo bá la ẹnu, wọ́n á wò mí bí ẹni pé ewúrẹ́ ló kí wọn káàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe: láàárọ̀, bisikíìtì ló ń rùn, lọ́sàn-án, ọṣẹ, nírọ̀lẹ́, irin tí wọ́n ń yọ́. Mo máa ń dúró ní ibùdókọ̀ Tóògéètì, kí n máa fa bisikíìtì tí n ò rà símú.

Kò pẹ́ tí mo dé ni mo sọ orúkọ mi nù. "Kòtónú" ni gbogbo wọn ń pè mí. N ò gbé Kòtónú rí. Mo ṣàlàyé, ó sú mi, mò ń jẹ́ ẹ.

Ẹni tó sọ mí lórúkọ náà ni Ìyá Dámi, ọmọ Ìkirè, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan nítòsí Tóògéètì. Pátákó ìpolongo, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀. Ó yá mi ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà, mo gbé tábìlì àti kọ̀ǹpútà mi síbẹ̀.

"Kòtónú, kí ni iṣẹ́ tí o ní ò ń ṣe yìí gan-an?"

"Mò ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún àwọn ènìyàn, Ìyá Dámi. Bí ojúde wọn ló rí, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Èmi náà ń ṣe ojúde fún wọn. Tèmi wà lára ògiri. Bí iná bá lọ, tìẹ ńkọ́?"

Iná ti lọ nígbà tó ń sọ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìṣàwárí, ìyẹn èyí tí ẹ máa ń tẹ ìbéèrè sí lórí fóònù, olófòófó àdúgbò ni. Kò mọ ẹni tó dára. Ẹni tí ẹnu ń kùn ló mọ̀. Bí ènìyàn púpọ̀ bá ń dárúkọ rẹ, tí wọ́n ń yà sójúde rẹ, òun náà á máa kọ́kọ́ dárúkọ rẹ fún àlejò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tún ojúde oníbàárà ṣe, kí n sì dọ́gbọ́n tí olófòófó yẹn á fi máa fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ìpolówó ọjà ni, àmọ́ etí ẹ̀rọ ni mò ń polówó sí.

Alhaja kan wà lọ́nà Ìyànà Iyesi tó ń ṣe tánkì omi oníke. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá wá tánkì lórí fóònù, Ìkẹjà ni ẹ̀rọ máa ń júwe fún un. Mo ṣiṣẹ́ lórí ojúde Alhaja títí ojú mi fi pọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìlọrin, ó ní òun ń wá Alhaja, pé orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Alhaja gbé adìyẹ alààyè wá fún mi, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ǹpútà mi.

"Kòtónú, ìwọ ni Ọlọ́run lò."

Inú mi dùn débi pé n ò lè pa adìyẹ náà. Ìyá Dámi ló pa á. Ó ní ìdùnnú kì í ṣe ọbẹ̀.

Mo pe ìyá mi láti ròyìn fún un. Mo sọ ọ́ tòun ti ìtàn, mo fi díẹ̀ kún un. Ó gbọ́ ọ títí.

"O bá ará Ìlọrin wá tánkì, ó sì rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ràímì ò wá tó tánkì ni?"

Bí gbogbo ìpè wa ṣe máa ń parí nìyẹn. Bó bá bi mí bóyá mo jẹun, bó bá sọ ti òjò àti ti àgbàdo, mo mọ ibi tó ń lọ. "Ṣé o ti rí i?" "N ò tíì rí i, Ìyá." Á kan sáárá sí Ọlọ́run, á pa fóònù.

Kì í ṣe pé n ò wá a. Mo lọ láti géètì dé géètì ní Ọ̀tà, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́. Olùṣọ́ kan wò ó, ó dá a padà fún mi. "Ọ̀gá, which Raimi? Plenty people dey here. Na contractor get dem, no be us." Níbòmíràn, ọkùnrin kan tó ń ru àpò fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu pẹ̀lú orúkọ. Ó ní láàárín àwọn, bí ara ẹnì kan ò bá yá, á yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní káàdì tó ń gbé kọ́rùn, ọ̀rẹ́ náà á wọlé, á sì di òun títí ilẹ̀ á fi ṣú. "Èmi tí ẹ ń wò yìí," ló wí, "mo ti jẹ́ Fẹ́mi rí. Mo ti jẹ́ Ikechukwu rí."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ayé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ní ibodè. Ẹni tí kò ní ọjà tó ń tà, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò polówó, kò ní ìwé ìwọlé síbẹ̀. Mo lè wá ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé iṣẹ́ ìrẹsì. Ẹni tó ń ru àpò ìrẹsì ni n ò lè wá rí.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ tuntun dé, èyí tó ń fèsì bí ènìyàn. Ti àtijọ́ máa ń fi ilé hàn ọ́ ni, á wá ní kí o lọ kan ìlẹ̀kùn fúnra rẹ. Ti tuntun yìí jókòó sí ìyànà, ó ń dáhùn ohun gbogbo fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì nídìí láti dé ojúde ẹnikẹ́ni mọ́. Ojúde tí mo fi gbogbo agbára mi tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hu koríko. Ó tún wá mọ ojúde ṣe ju èmi lọ. Alhaja pè mí lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ rọ̀ jù.

"Kòtónú, má bínú. Ọmọ àbúrò mi ní kí ẹ̀rọ ṣe òmíràn fún wa. N ò tíì jẹun tán tó fi parí."

Mo wo iṣẹ́ náà. Ó dára ju tèmi lọ. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ó kọ ọ́ pé Alhaja ní ẹ̀ka ní Kánò. Alhaja ò dé Kánò rí. Mo sọ fún un.

"Má yọ ọ́," ló wí. "Ó gbayì."

Bí àwọn oníbàárà yòókù ṣe ń tẹ̀lé e lọ nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn rírọ̀. Mò ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, mò ń wo Ìyá Dámi níbi tó ti ń gé bébà. Àwọn òkú ò yé kú ní Ṣàngó, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì dín. Nínú ìjókòó yẹn ni mo ronú kan ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ó ní Ràímì tó tánkì. Ó dáa. Mo máa polówó rẹ̀ bíi tánkì.

Àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tó yà fún káàdì ìdánimọ̀ ni, dúdú-àti-funfun, ó dijú díẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́, mo fi òdòdó yí i ká kó lè lẹ́wà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀: RÀÍMÌ, ỌMỌ KÉTU. Ọ̀MỌ̀WÉ NÍNÚ ÌWÀ, Ẹ̀GBỌ́N ÀTÀTÀ. A Ò GBÀGBÉ RẸ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kéékèèké, mo kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá rí i pe nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wa. Mo wá ti ìpolówó náà sórí fóònù gbogbo ẹni tó wà láti Tóògéètì dé Itele, dé inú Ọ̀tà. Ní Kétu wa, orí rédíò ni mo ti máa ń gbọ́ ìtúfọ̀ òkú. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Òótọ́ ni pé ìwé ìsìnkú Ìyá Dámi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwòrán kó gún. Àmọ́ èrò mi ni pé, níwọ̀n ìgbà tí n ò ti kọ "Ó ti lọ sinmi" sí i, ó yẹ kó yé gbogbo ayé pé alààyè ni.

Kí n tó mu omi, èsì ti ń wọlé.

"Ìnnà lílláhì."

"Sùn-ún re o, ẹ̀gbọ́n."

"Ọlọ́run á dá àwọn tó fi sílẹ̀ sí."

Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí náà ló ra ọtí fún mi. Ayé o!" Ràímì tí kì í fi ẹnu kan ọtí.

Ìyá Dámi wọlé pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lókè, bí ẹni tó mú olè.

"Kòtónú! Ta ló kú fún ọ tí o ò wí? O tún lọ ṣe é sórí fóònù, èmi tí mo jókòó síbí tí mò ń tẹ̀ ẹ́!"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Kò sẹ́ni tó kú kẹ̀? Dúdú-àti-funfun? Òdòdó? 'A ò gbàgbé rẹ'? Ó ku kí o gbé pósí síbẹ̀!"

"Ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀."

"Ta ló ń ka ìsàlẹ̀?"

Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ olófòófó ti gbọ́. Bí ènìyàn bá ṣe ń dárúkọ rẹ tó náà ló ṣe ń dárúkọ rẹ tó. Mo sọ ọ́ fún yín ṣáájú. Àwọn tó ń kó ìròyìn kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gbé àwòrán náà, wọ́n ti fi ìtàn sí i. Nígbà tí mo bi ẹ̀rọ tuntun pé ta ni Ràímì ọmọ Kétu ní Ọ̀tà, ó dáhùn wẹ́rẹ́: Olóògbé Ràímì, gbajúmọ̀ oníṣòwò, tó jáde láyé lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Oníṣòwò! Èwo ni àìsàn ráńpẹ́? Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un. Ó kàn mọ̀ pé bí àwọn gbajúmọ̀ ṣe máa ń kú nìyẹn.

Mo kọ̀wé síbí, mo kọ̀wé sọ́hùn-ún, wọn ò fèsì. Gbogbo ohun tí mo kọ́ láyé mi ni bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀rọ̀ gòkè. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fà á sọ̀kalẹ̀.

Ìyá mi ló pè mí. Kì í pè. Èmi ni mo máa ń pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan, Súlè, aránṣọ, ló bi fóònù tirẹ̀ léèrè, ìyẹn sì kà á fún un ní Faransé tó dán mọ́rán.

"Fóònù Súlè ní Ràímì ti kú."

"Irọ́ ni, Ìyá. Èmi ni mo gbé àwòrán rẹ̀ síta kí n lè rí i. Àwọn ènìyàn ṣì mí gbọ́, ẹ̀rọ sì gbà á lẹ́nu wọn."

"O ti wá fojú rí Ràímì?"

"Rárá, Ìyá."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé irọ́ ni?"

Mò ń gbọ́ ohùn àwọn áfáà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ń ṣàdúà. Mo fẹ́ sọ fún un bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, bó ṣe kọ Kánò fún Alhaja. Kí ni Kánò fẹ́ ṣe fún ìyá tó ń sọkún? Alààyè Ràímì nìkan ló lè já irọ́ náà, òun gan-an ni n ò sì rí láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Òun ló wá mi wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin kan tó dé fìlà wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò. Ìyá Dámi rò pé oníbàárà ni.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́ tẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe ìsìnkú?"

"Àwa ni. Ti ta ni, sà?"

"Tèmi."

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àjákù bébà. Ó ti gbó. Irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Ó ní kí n dìde, pé òun ò tíì di ẹ̀mí àìrí tí wọ́n ń foríbalẹ̀ fún. Ọmọ Kétu ni, ẹnu rẹ̀ ò kú. Ó wá yọ ọwọ́ nínú àpò. Ọwọ́ ò sí níbẹ̀. Ó parí sí ọrùn ọwọ́.

Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe ike ló gé e. Lọ́jọ́ náà, káàdì ẹlòmíràn ló gbé kọ́rùn. Nínú ìwé wọn, ẹlòmíràn ló fara pa. Ràímì ò sí níbẹ̀ rí. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ géètì ilé ìwé kan ní Itele, orúkọ káàdì yẹn ló sì ń jẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Olùkọ́ kan ló fi àwòrán hàn án, ó ní, "Ẹ ò rí òkú tó jọ yín yìí!" Òun nìkan ló ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí nọ́ńbà tó fi béèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa.

Mo ròyìn àdúà àti ẹkún ilé fún un. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pe Ìyá?" mo bi í.

"Kí n sọ kí ni fún un? Pé ọmọ tó rán wá ṣiṣẹ́ ò ní ọwọ́ mọ́?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbọ́, àbúrò. Wọ́n ti ṣàdúà, wọ́n ti sunkún tán. Ràímì tí ẹ̀rọ ń sọ yẹn, gbajúmọ̀ oníṣòwò, ó sàn jù mí lọ. Jẹ́ kó máa ṣe ọmọ fún Ìyá. Ohun tí mo wá bẹ̀ ọ́ nìyẹn."

Bó ṣe ń bẹ̀ mí ni mò ń tẹ nọ́ńbà. Mo gbé fóònù náà sórí tábìlì, kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ìyá, ẹnì kan fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ràímì wò mí, bí ẹni pé kó gbá mi létí. Ó tẹ̀ síwájú.

"Ìyá. Èmi ni. Ràímì."

Ìyá Dámi pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sún mọ́ fóònù. Nígbà tí ìyá mi máa fọhùn, èmi ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Ràímì.

"Súlè ti ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ lè fi ohùn òkú sọ̀rọ̀ báyìí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ rẹ, mo sì mọ̀ pé àánú mi ló ṣe ọ́. Ó jọ ohùn rẹ̀ púpọ̀, ọmọ mi. Má tún ṣe é mọ́."

Ó pa fóònù. A pè é títí, kò gbé e. Mo ní ká jẹ́ kó rí ojú Ràímì lórí fóònù Súlè. Ìyá Dámi mi orí.

"Ẹ̀rọ tó lè ṣe ohùn, ṣé ojú ni kò ní lè ṣe?"

Ràímì jókòó sórí àpótí bébà. Ohun tó wá bẹ̀ mí ni pé kí n jẹ́ kí òun kú, ìyá rẹ̀ sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá bí i nínú nìyẹn. Ó yàtọ̀, kí ènìyàn fara pamọ́, àti kí wọ́n wò ó lójú kí wọ́n ní kò sí. Mo mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, èmi tí wọ́n ń pè ní Kòtónú.

Ó dìde, ó tún fìlà dé. "Níbo ni wọ́n ti ń wọkọ̀ ibodè Ìdìrókò?"

"Mò ń bá yín lọ."

"Jókòó. Bí o bá tẹ̀lé mi, wọ́n á ní ìwọ lo ṣe mí."

Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń wò bóyá obì á yàn. Nítorí pé ọwọ́ mi ò lè sinmi, mo tún bi ẹ̀rọ pé níbo ni Ràímì ọmọ Kétu wà. Ó bá mi kẹ́dùn.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá mi pè.

"Ó dé," ló wí.

Mo dìde lórí àga.

"Ẹ̀rù ba Súlè, ó ní kí n má sún mọ́ ọn. Mo ní kó yọ ọwọ́ tó kì bọ àpò. Ìgbà tí mo rí i pé kò sí níbẹ̀ ni mo mọ̀ pé ọmọ mi ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe é, ì bá ṣe é kó pé."

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi. Mo ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Ìyá." Mò ń gbọ́ Ràímì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wúkọ́, ẹnì kan ń bu omi fún un. Mò ń dúró kí Ìyá bi mí ní ìbéèrè tó máa ń bi mí, kí n tó rántí pé kò ní ìbéèrè náà mọ́.

"Láti ọdún wọ̀nyí, ohùn nìkan ni mò ń gbọ́ nínú fóònù yìí," ló wí. "Ìwọ tí ò ń bá mi sọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ìwọ ni?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Ohùn náà nìkan ni mo ní.